Ojú Bàbá ni, àbí ojú kọ̀ǹpútà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ fíríìjì tí kò tutù mọ́ la máa sọ lónìí. Ẹ má bínú, a ti sún un síwájú. Ẹnìkan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Òkèhò. Ó ní òun ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé, irú èyí tí ojú rẹ̀ dúdú, tí lẹ́tà inú rẹ̀ sì ń tàn bí ewé tútù. Ó ní lẹ́tà náà ti ń ṣe bàìbàì báyìí, ṣé kí òun gbé e dà sí ààtàn ni. Mo ní kó dákun, kó ṣe sùúrù. Ìdí tí mo fi bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà kan ní Ṣakí, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Bàbá yìí ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nígbà tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, láàárín ọdún 1990 sí 2000, ó kó owó èésú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé yóò fi ra mọ́tò. Èkó ló lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan bọ̀, ó gbé e sí yàrá, ó fi aṣọ bò ó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Láti ìgbà náà ló ti ń fi WordStar tẹ ìtàn ìlú sínú rẹ̀: agbo ilé wo ló kọ́kọ́ dé, ta ló ti ibo wá, oríkì ilé kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn oko àtijọ́ tó wà lọ́nà ibodè Benin. Ẹnu àwọn àgbà ló ti gbọ́ ọ. Ó ń ti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, bó bá sì di alẹ́, á wá tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà ti sùn. Ìwé kékeré náà, ikán ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Díísìkì pẹlẹbẹ tó fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, èébu ti bò ó. Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà kù sí ni inú ẹ̀rọ yẹn.

Ó pè mí lórí fóònù. Ọyẹ́ ti lọ nígbà náà, òjò àkọ́rọ̀ ti bọ́. Ó ní, "Rédíónìkì, ojú mi ló ń kú lọ ni, àbí ojú ẹ̀rọ yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹjọ́ nínú ilé. Ìyá ní ojú Bàbá ni, pé ó ti pẹ́ tó ti ń wo iná aláwọ̀ ewé yẹn lóru. Bàbá ní ojú òun dá pé, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ní kí wọ́n sọ ẹ̀rọ nù, òun á ra tuntun. Ọmọ ọmọ wọn, tó ń lọ sí Poli ní Ṣakí níbẹ̀, ní òun lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bọ́ sínú laptop òun. Kéèbù kan wà tó ń gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ rí ohun tó ń tẹ̀ kó tó lè pàṣẹ fún un. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, ó lè pa fáìlì rẹ́ dípò kó kó o.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí wọn ò so mọ́nítọ̀ ìgbàlódé mọ́ ọn? Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ lọ́kàn. Kò lè gbà á. Ojú ihò tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló ń gbà. VGA tí ẹ mọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí ẹ tilẹ̀ rí ẹni tó lè bá yín jó wáyà méjèèjì pọ̀, èdè wọn ò bára mu. Ti àtijọ́ ń fa ìlà bí 18,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, VGA ń fa ju 31,000 lọ. Ọmọ ilé náà tún rí mọ́nítọ̀ aláwọ̀ mèremère kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án bákan náà, ó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́. Mo kígbe mọ́ ọn lórí fóònù. Ẹsẹ̀ lè jọra kí ìwà má jọra. Irú ìyẹn ń fa bí 15,700. Bí a bá so ẹ̀rọ aláwọ̀ kan mọ́ káàdì aláwọ̀ mèremère, tàbí tí a ṣe é ní òdìkejì, ó lè máa súfèé, kí àwòrán ya bí aṣọ, kí nǹkan inú rẹ̀ sì jóná. Bí ẹ bá ti gbọ́ irú ìfé bẹ́ẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mọ́nítọ̀ yìí jẹ́ gan-an. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ara ilé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, mọ́nítọ̀ aláwọ̀ ewé kan tẹ̀ lé e, 5151 ni wọ́n pè é. Ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń gbà, lẹ́tà ọgọ́rin lórí ìlà kan. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló fara wé e. Ti Bàbá kì í ṣe IBM gan-an, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Àti òun àti tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú-òun-funfun, ìdílé kan náà ni wọ́n. Túùbù gíláàsì yẹn, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Karl Ferdinand Braun ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1897. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV ní Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, irú túùbù yìí ni wọ́n fi wò ó. Orí tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn.

Ọ̀gá mi ní Ìsẹ́yìn, bí oníbàárà bá gbé tẹlifíṣọ̀n wá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ni ọ̀pá eríà rẹ̀ ṣe ga tó. Ìbàdàn jìnnà, òkè wà láàárín. Ọparun gígùn la fi ń gbé eríà sókè nígbà náà, bí atẹ́gùn bá sì yí i, iyanrìn lásán lẹ máa rí lójú tẹlifíṣọ̀n. Mọ́nítọ̀ kò ní eríà. Kéèbù kúkúrú kan ló gbé àwòrán wá fún un láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí àwòrán mọ́nítọ̀ bá bàjẹ́, ẹ má ṣe wojú ọ̀run. Ẹ wo iná tó ń jẹ, ẹ wo ohun tó bá a jókòó, kí ẹ tó wo inú rẹ̀.

Mo dé ilé Bàbá ní bí aago méje alẹ́. Ó tanná sí i. Lóòótọ́, ohun tí mo rí kò dára. Àwòrán náà ti sún kì, òkùnkùn fẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gbogbo lẹ́tà ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí omi inú igbá tí a gbé rù. Ìlà ìsàlẹ̀ ti gun ara wọn. Òjìji kan sì ń rọra gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bàbá jókòó tì í, ó fi ojú sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

N kò fọwọ́ kan nǹkankan. Mítà ni mo yọ, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Fóltì 148. Iná tó yẹ kó jẹ́ 220 sí 240 ni mo ń sọ o. Gbogbo àdúgbò ti dé láti oko àti ọjà, gbogbo wọn ti tanná, ilé Bàbá sì wà níparí wáyà. Ẹ tún gbọ́ èyí: mọ́nítọ̀ náà, Amẹ́ríkà ló ti wá, 110 ló ń jẹ. Bàbá ní tiransifọ́mà kan tó ń pín iná ìlú sí méjì fún un. Ẹ pín 148 sí méjì. Ebi ń pa ẹ̀rọ. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí iná dúró sójú kan, ṣùgbọ́n bí iná tó ń wọlé bá ti kéré jù, apá rẹ̀ kì í ká a mọ́. Ìgbà náà ni àwòrán á sún kì, tí òjìji á máa rìn lójú rẹ̀. Mo bi Bàbá pé, "Ṣé ní ìdájí náà ló ń rí báyìí?" Ó ronú, ó ní rárá o, bí òun bá jí ṣáájú ìrun àsùbáà, ó máa ń kún ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ rí i? Ẹni tó bá fẹ́ tún mọ́nítọ̀ ṣe, kó kọ́kọ́ béèrè àkókò. Àìsàn tó ń wá ní alẹ́ tó ń lọ ní òwúrọ̀, kì í ṣe inú ẹ̀rọ ló sábà máa ń wà.

Ó ku mímì. Tiransifọ́mà tí mo sọ yẹn, orí tábìlì kan náà ló wà, ó fara ti mọ́nítọ̀ lápá òsì. Sitabiláísà wà lórí rẹ̀. Mo gbé méjèèjì kúrò, mo gbé wọn sílẹ̀ lẹ́yìn àga, bí ìgbésẹ̀ méjì sí i. Lẹ́tà dúró gbọin.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, "Òòyì ni mo rò pé ó ń kọ́ mi." Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti rò bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé èyí dáadáa nítorí ó kan ilé púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti rí aláṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn tó ń ju ọ̀kọ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan kan ń rìn lójú mọ́nítọ̀. Ní ọrùn túùbù lẹ́yìn, ohun kan wà tó ń gbóná, tó ń tu ẹlẹ́kítíróònù jáde tín-ín-rín bí òwú. Wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ ọrùn túùbù náà ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì tì í sọ́tùn-ún sósì, tì í sókè nísàlẹ̀. Ibi tó bá kàn lára ìyẹ̀fun inú gíláàsì á tàn. Ó ń hun ìlà 350 tí a lè fojú rí, àádọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mágínẹ́ẹ̀tì mìíràn bá wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà á máa ti òwú yẹn. Tiransifọ́mà, sitabiláísà, UPS, ẹ̀yìn sípíkà ńlá, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Iná ìlú wa ń yí padà ní àádọ́ta ìgbà, mọ́nítọ̀ náà ń hun ní àádọ́ta, wọn kàn yàtọ̀ díẹ̀ ni, ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn lẹ ń rí bí mímì tó ń rọra lọ rọra bọ̀. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, mímì náà á yára. Ẹ gbé ẹ̀rọ jìnnà síra wọn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e, Bàbá fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà ń ṣe bàìbàì, ó ti yí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Brightness sí dé òpin. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń fà ni pé ojú dúdú náà gan-an á máa tàn, lẹ́tà á wú, wọ́n á máa dà mọ́ ara wọn. Ẹ yí Contrast wálẹ̀ pátápátá. Ẹ wá yí Brightness sókè títí ojú dúdú náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn fírífírí. Ẹ dá a padà díẹ̀, títí ìtànṣán yẹn á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ pòórá. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá gbé Contrast sókè títí lẹ́tà á fi dùn ún kà. Ẹ ṣe é nínú yàrá tí oòrùn kò ti ń wọlé lu gíláàsì. Bí ẹ bá ti nu gíláàsì náà kí ẹ tó ṣe é, ẹ máa yà yín lẹ́nu. Iná inú túùbù máa ń fa eruku mọ́ra, ẹ sì mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe rí ní Ṣakí. Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á.

Ohun kan wà tí Bàbá kà mọ́ àìsàn tí kì í ṣe àìsàn. Ó ní bí òun bá yí ojú ìwé, èyí tó kọjá kì í tètè lọ, ó máa ń fi òjìji sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi sí ojú irú mọ́nítọ̀ yìí máa ń rọra kú ni, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ṣẹ́jú ní àádọ́ta ìgbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó yín lórí ìyẹn. Lókè ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ WordStar ti jó wọ inú gíláàsì, ẹ lè kà á bí ẹ bá tilẹ̀ pa ẹ̀rọ. Ìyẹn náà ò ní àtúnṣe, àpá ni.

Mo sùn sí Ṣakí. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, mítà ka 215. Àwòrán kún ojú rẹ̀, kò mì, òjìji ti lọ. Ṣùgbọ́n ìlà ìsàlẹ̀ ṣì gun ara wọn, lẹ́tà ò sì mú. Ó wá tó àkókò láti ṣí i.

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí, kó má ṣí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ onítúùbù. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo pa tẹlifíṣọ̀n kan, mo yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀, mo lọ jẹun, mo dé, mo kì ọwọ́ bọ̀ ọ́. N kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi kú títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọ̀gá mi ò bá mi kẹ́dùn, ó ní, "Ṣé o ti wá mọ̀ pé iná tó kúrò lára ògiri kò tíì kúrò nínú túùbù?" Gíláàsì túùbù yẹn máa ń tọ́jú iná pamọ́, ó sì lé ní fóltì 10,000. Àwa tí a kọ́ ọ, wáyà la máa ń so mọ́ irin sikúrúdíráfà gígùn kan. A óò so ìdí wáyà náà mọ́ okùn irin tó yí ẹ̀yìn túùbù ká. A óò wá ti ẹnu sikúrúdíráfà bọ abẹ́ fìlà rọ́bà ara túùbù, ọwọ́ kejì á sì wà lẹ́yìn wa. Ẹ máa gbọ́ tó máa dún pàú. Ọrùn túùbù náà sì ẹlẹgẹ́, bó bá kán, gbogbo rẹ̀ lè fọ́ wọnú kí àfọ́kù sì fò jáde.

Eruku inú rẹ̀ tó láti gbin ẹ̀fọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun gbá a. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe nǹkan púpọ̀ nígbà tó bá gbẹ. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tó sì fa omi, ìgbà náà ni iná ńlá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara eruku jò, ẹ máa gbọ́ ṣíí, lẹ́tà á sì máa ṣókùnkùn. Ìyá sọ pé òun ti ń gbọ́ ṣíí náà láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, òun rò pé aláǹgbá ni.

Ti ìlà ìsàlẹ̀ tó gun ara wọn, kapásítọ̀ ni mo fura sí. Ẹ fojú inú wo agolo kékeré tó ń gba iná pamọ́ bí ìkòkò ṣe ń gba omi. Oje kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbẹ pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ooru, ooru kò sì wọ́n wa lókè yìí. Mo jó èyí tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà ní ọ̀nà tó ń tì í sókè-sódò, mo tún tanná. Ìlà ìsàlẹ̀ là gbangba. Mo wá yọ ògbólógbòó náà kúrò. Ẹ wo ara kapásítọ̀ kí ẹ tó rà á: wọ́n máa ń kọ 85 tàbí 105 sí i, ìwọ̀n ooru tó lè fara dà ni. Ẹ gba oní-105. Owó díẹ̀ ló fi ju èkejì lọ.

Ó ku bí lẹ́tà ṣe mú. Bọ́tìnnì Focus wà nínú, kì í ṣe iwájú. Mo ní kí ọmọ ilé tẹ lẹ́tà "m" kún ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ "m" mẹ́ta ni, bí kò bá mú, ẹ óò rí i lójú ẹsẹ̀. Mo fi ọparun tí mo gbẹ́ ṣe pẹlẹbẹ yí i, n kì í fi irin ṣe é. Ó fẹ́ mú, ó kọ̀, bọ́tìnnì ti dé òpin. Ìyẹn fi hàn mí pé ohun kan ti yẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo pa á, mo tún tú iná inú túùbù dànù, mo wọn rẹsísítọ̀ tó bá bọ́tìnnì náà ṣiṣẹ́. Mẹ́gà kan ni wọ́n kọ sí i lára, mítà kà á ju ẹyọ kan ààbọ̀ lọ. Irú rẹ̀ máa ń gùn sókè bó bá ti dàgbà. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, lẹ́tà jáde bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi yà á. Àárín mú, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú níwọ̀nba. Àárín àti igun kì í mú dọ́gba lórí túùbù, ẹ wá ibi tó tẹ́ méjèèjì lọ́rùn.

Inú mi dùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ bọ́ síbí." Bàbá jókòó. Ó wò ó, ó wò ó títí. Ó ní, "Rédíónìkì, o ṣeun. Ó ti dúró. Ó ti kún. Ṣùgbọ́n ìkùukùu ò kúrò."

Ojú tì mí. Mo tún fọwọ́ kan Focus, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọmọ ilé ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà láìsún mọ́ ọn. Mo wá gbé kàlẹ́ńdà ara ògiri wá, mo ní kí Bàbá kà á. Ìkùukùu wà lára kàlẹ́ńdà náà. Mo ní kó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kó tún bo òsì. Ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú tán. Mo bi í pé báwo ni gílóòbù ṣe ń rí lóru. Ó ní ó máa ń ní òrùka yí ká, òun rò pé bí iná wọn ṣe rí nìyẹn báyìí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yín lẹ jọ ń ṣàìsàn."

Ìyá ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀!"

Bàbá ní, "Èmi náà wí bẹ́ẹ̀."

Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì sọ pé kiní báyìí ni. Ohun tí mo sọ ni pé kí wọ́n má jẹ́ kó di ọ̀la. Ọmọ tó wà l'Ékòó, tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun tẹ́lẹ̀, òun ló wá gbé Bàbá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú ní Ìbàdàn. Wọ́n ní awọ funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì, òsì ló le jù, wọ́n sì dá ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ. Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni oṣù mélòó tí a ti fi sílẹ̀. Nítorí ẹ̀rọ náà ń ṣàìsàn lóòótọ́, kò sẹ́ni tó wo ojú Bàbá. Bí mọ́nítọ̀ bá dá pé ni, bóyá wọn ì bá ti mọ̀ tipẹ́.

Kí wọ́n tó lọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ ti kó fáìlì náà. Mo dúró tì í. Ó tẹ àṣẹ, ó ka ohun tó tẹ̀ sókè fún Bàbá gbọ́ kó tó tẹ Enter, gbogbo rẹ̀ ò sì tó wákàtí kan. Nígbà tó ṣí i nínú laptop, lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀ ti di àmì àjèjì, àyà Bàbá já. WordStar ló máa ń fi àmì sára lẹ́tà ìkẹyìn bẹ́ẹ̀, ọmọ náà mọ̀ ọ́n, ó tún un ṣe. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ onídòó nínú lẹ́tà ẹ̀rọ yẹn láti ilẹ̀, Bàbá ò sì fi àmì ohùn kankan sí i. Bírò ló fẹ́ fi fi wọ́n sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi nílò ojú rẹ̀: oríkì tí kò ní àmì, òun nìkan ló lè kà á bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ pè láti Òkèhò, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ dán an wò ní ìdájí. Ẹ gbé sitabiláísà jìnnà. Ẹ nu gíláàsì, ẹ to Contrast àti Brightness bí mo ṣe wí. Ẹ wo ẹsẹ̀ kéèbù bóyá èyí kan ti tẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá di ìlà kan ṣoṣo tó tàn gan-an lágbedeméjì, ẹ yí Brightness wálẹ̀ kíá kẹ́ ẹ sì pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jó ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pè mí. Kí ẹnì kejì náà sì bá yín wò ó, ẹni tí ojú rẹ̀ kéré sí tiyín lọ́jọ́ orí.

Bàbá pè mí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ojú òsì. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ìbínú ló bá wá. Ó ní òun tan ẹ̀rọ òun láàárọ̀ yẹn, pé àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ewé tí òun mọ̀, pé ó mọ́ jù, ó tàn jù, kí n sọ òótọ́, ṣé mo ti pààrọ̀ túùbù òun nígbà tí òun ò ríran. Mo búra fún un. Mo ní kó fọwọ́ bo ojú òsì, kó fi ọ̀tún wò ó.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àwọ̀ mi àtijọ́ nìyí." Ó ṣí ojú òsì, ó tún bò ó, mo ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má bínú, ibo ni mo ní kí òun yí Contrast náà sí.